Gẹ̀ẹ́sì Ẹnu Àwọn Eléré Ìdárayá

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn akànṣẹ́ tí ó ń sá fún ìyàwó rẹ̀ fún mi. Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni a jókòó sí, ó ń ṣa iṣu tí ó fẹ́ tà bí ó ti ń sọ ọ́. Ó ní ọkùnrin náà lè lu ènìyàn mẹ́ta bolẹ̀ kí ó tó jẹun àárọ̀, ṣùgbọ́n bí ìyàwó rẹ̀ bá wúkọ́ nínú yàrá, á gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, á yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé. Mo bi í pé ará ibo ni. Ó ní ìlú òyìnbó ni, pé ẹnu ọkùnrin náà gan-an ni òun ti gbọ́ ọ, ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo wò ó. Láti ọjọ́ tí ó ti wọ ilé wa, n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu rẹ̀ kọjá kí ó kí pásítọ̀ káàárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní ìlú òyìnbó, ó sì mọ̀ pé baba òun fẹ́ràn ẹ̀ṣẹ́ kíkàn àti bọ́ọ̀lù. Ó gba ètò kan sílẹ̀ láti orí tẹlifíṣọ̀n sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ó fi rán ẹni tí ó ń bọ̀ nílé. Aláwàdà kan ni ó ń ṣe ètò náà. Á jókòó, á máa pe àwọn eléré ìdárayá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, èrò á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó díẹ̀, ó dìde. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi akànṣẹ́ tí kò kan ẹ̀ṣẹ́ ṣe. Bí kásẹ́ẹ̀tì náà ṣe di ti ìyàwó rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí ó ń lé obìnrin náà nìyí: ọmọ yìí ti gbéyàwó lọ́hùn-ún. Aláwọ̀ dúdú bí tiwa ni ìyàwó náà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, kò gbọ́ Yorùbá rárá, wọ́n sì ti ní àwọn ń bọ̀ wá ṣọdún Kérésìmesì nílé. Èmi ni gbogbo ilé gbójú lé pé n óò máa túmọ̀, nítorí tísà ni mí ní Ìkọ̀lé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kọ̀.

“Ọkọ mi Tísà,” ó ní, bí ìyàwó ilé ṣe máa ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, “ulé mi ni ọmọ yẹn ń bọ̀. Ṣé ẹ̀yin ni ẹ óò máa bá mi fẹnu gbé ìyàwó ọmọ mi ni? Ẹnu ara mi ni mo fẹ́ fi bá a sọ̀rọ̀.”

Mo ní kí ó jẹ́ kí n máa fi ìwé kọ́ ọ. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé dà bí aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ènìyàn kì í wọ̀ ọ́ dáná. Ti àwọn eléré ìdárayá yìí ni ó wu òun, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó jókòó sábẹ́ igi.

Bí mo bá ti Ìkọ̀lé dé lọ́jọ́ Sátidé, tí iná sì wà, a óò jọ wò ó. Á dá a dúró, á bi mí ní ìtumọ̀, á tún un sọ. “Come on” ni wọ́n ń sọ fún ẹni tí ó ń ṣe iyèméjì. “You got me” ni ti ẹni tí ọ̀rọ̀ ti gbá mú, tí kò ríbi sá gbà mọ́. Ó ń fi wọ́n lé ewúrẹ́, ó ń fi wọ́n dá oníbàárà lóhùn. Nígbà tí ó yá, ó ń to àga méjì kọjú síra wọn, èmi á di akànṣẹ́, òun á di aláwàdà. Á tẹjú mọ́ mi, á ní, “They tell me you fear your wife. Is it true?” Ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ní ètò náà kò wúlò, á máa rẹ́rìn-ín níbi tí ó jókòó sí.

Èyí tí ó yà á lẹ́nu jù ni ti sárésáré kan tí ó gbéra kí ìbọn tó dún, tí wọ́n fi yọ ọ́ nínú eré. Aláwàdà bi í pé kí ló dé. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “I went too early. My fault. Let me run again.” Èrò pàtẹ́wọ́ fún un. Mo túmọ̀ rẹ̀ pé ó ní òun ti yára jù, ẹ̀bi òun ni, kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un sá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi mi orí. Ó ní níbí, bí àgbà bá dúró ní gbangba tí ó ní ẹ̀bi òun ni, orin ni wọ́n á fi kọ. Ṣùgbọ́n ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ títí ó fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Kérésìmesì dé. Wọ́n da omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí a ti ń ṣe é, wọ́n mú un wọlé. Àwọn obìnrin ilé ti pé. Àṣé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ wọn pé bí òun bá gbé ọwọ́ sókè, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n pàtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yẹ́ àlejò sí níbi tí ìyàwó náà ti wá. Ó fi ìyàwó jókòó, ó jókòó kọjú sí i. Ó kí i, ó bi í nípa ọ̀nà, ó béèrè ìyá rẹ̀. Ìyàwó náà ń dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo ń sọ nínú ara mi pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bá tẹjú mọ́ ọn.

“They tell me you can't cook. Is it true?”

Ó gbé ọwọ́ sókè. Àwọn obìnrin ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ọmọ náà kò mọ oúnjẹ sè. Ìbéèrè aláwàdà ni ó mú, ó yọ ìbẹ̀rù ìyàwó kúrò níbẹ̀, ó fi oúnjẹ sí i, bí a ti ń fi ìyàwó tuntun ṣe ẹ̀fẹ̀ nílé wa. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ó lọ bá. Ọmọ náà yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó rọra bi í pé kí ni ó ti ń sọ nípa òun fún wọn nílé. Ọkọ ń wo ilẹ̀. Ìyàwó náà dìde, ó wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Ẹ̀rín kú. Mo dìde kí n lọ túmọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fà mí láṣọ.

“Ẹ jókòó, ọkọ mi. Ẹnu mi ni ó dá a sílẹ̀.”

Ó lọ dúró síwájú ilẹ̀kùn náà, ó gbé ọwọ́ sókè bíi sárésáré yẹn. “I went too early,” ó ní. “My fault. Let me run again.”

Àwọn obìnrin ilé rí ọwọ́ lókè, wọ́n mọ̀ pé àmì nìyẹn. Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó yíjú wò wọ́n báyìí, gbogbo wọn dákẹ́.

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Ọmọ náà wo ọwọ́ tí ó wà lókè, ó wo àga méjì tí ó kọjú síra wọn, ó wo àwọn obìnrin tí wọ́n pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, tí wọn kò mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe mọ́. Ilé rẹ̀ ni wọ́n ti gba ètò náà sílẹ̀, mo rò pé ìgbà yẹn ni ó dá a mọ̀. Ẹ̀rín pa á.

“You got me,” ó ní. “I can't cook.”

“Come on,” ni ìyá ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn, ó mú un lọ́wọ́, wọ́n gba ilé ìdáná lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ iṣu, mo bi í bóyá ì bá sọ pé ẹ̀bi òun ni ká ní Yorùbá ni ìyàwó náà gbọ́. Ó kọ́kọ́ bẹ iṣu náà tán. Ó ní rárá, òun ì bá rán èmi, bí àgbà ti ń rán ẹni tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀. Ó sì gbé iṣu náà sómi.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, èdè wo ni ìwọ lè fi sọ pé ẹ̀bi rẹ ni, láì rán ẹnikẹ́ni?