Ìgbákọ Irin Ò Sá Lójú Ogun

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe rẹ ìyá mi tó, ẹ wo bó ṣe ń jókòó. Kì í jókòó bí èèyàn. Ńṣe ló máa ń sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná kalẹ̀. Á di ògiri mú, á mí kanlẹ̀, á wá ní, "Ó tán." Èmi á dáhùn láti yàrá mi pé, "Kí ló tán, Màámi? Ṣé ìrẹsì ni?" Á ju ìbọ̀sẹ̀ lù mí. Kì í bà mí, torí apá rẹ̀ kì í ga ju èjìká lọ mọ́.

Pyo Mal-suk lorúkọ rẹ̀. Ilé ìdáná ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú Jecheon níbí ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ṣì ń rákò. Ìkòkò tó ń rò níbẹ̀ tóbi débi pé ọmọ mẹ́ta lè lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Òun náà ló ń gbé àpò ìrẹsì, òun ló ń fi omi gbígbóná ṣan abọ́. Èéfín epo ti wọ irun rẹ̀, kò sí ọṣẹ tó lè lé e jáde. Tó bá wọlé, á máa rùn bí ẹja díndín, èmi á sì máa tẹ̀ lé e káàkiri ilé, màá máa ké bí ológbò. Nígbà míì ó máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà míì, kò tiẹ̀ ní gbọ́.

Àmọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Pyo Mal-suk á di ẹlòmíì. Á fi agbọ́hùn sétí, á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, á sì di Ìgbákọ Irin, olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan nínú géèmù tí àwọn ojúgbà rẹ̀ ti ń gbá láti ìgbà ọ̀dọ́ tí wọn ò sì rí i fi sílẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì wà nínú ẹgbẹ́ náà, onífọ̀ṣọ̀ wà níbẹ̀, dókítà eléyín wà níbẹ̀, ìyàwó pásítọ̀ kan sì wà níbẹ̀ tó ń pa èèyàn ju gbogbo wọn lọ. Wọ́n ní odi kan tí wọ́n ń ṣọ́. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ọ̀tá máa ń wá gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹnu ọ̀nà odi yẹn ni Ìgbákọ Irin máa ń dúró sí. Nílé ìwé, ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lè wo ojú ìyá mi kó ní ọbẹ̀ rẹ̀ ò dùn, kò sì gbọdọ̀ fèsì. Nínú géèmù, tó bá ti ní "Ẹ dúró!", àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n á dúró.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kú ní ìgbà ìwọ́wé, ó ra tuntun, irú èyí tí wọ́n ti tò pọ̀ pátá fún àwọn tó ń gbá géèmù. Gíláàsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iná pupa àti àwọ̀ aró sì ń lé ara wọn kiri nínú ikùn rẹ̀.

Bàámi wò ó títí. "Ìyá Da-om, ṣé ilé ijó lo fẹ́ ṣí ni?"

"Bàbá Da-om, ẹ sún."

Bàámi sún. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ló ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn dídùn nìkan ló sì gbé bọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ ló máa ń dùbúlẹ̀ sí látàárọ̀ tó bá ti di ìgbà òtútù, kí omi gbígbóná tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ ilé wa kọjá lè máa mú ẹ̀yìn rẹ̀ móoru. Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìdáná tó máa ń gbóná ju gbogbo ibi yòókù lọ, torí ibẹ̀ ni omi náà ti kọ́kọ́ ń wọ yàrá. Àgbà ilé ló ni ibẹ̀. Ìyá àgbà ló ni ín nígbà tó wà láyé. Ibẹ̀ náà ló ti máa ń fi aṣọ bo abọ́ ìrẹsì ẹni tí kò tíì dé. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹ̀yìn Bàámi jogún ibẹ̀. Màámi ò sùn síbẹ̀ rí, ó ní òun ò ráyè. Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà dé, ó gbé e kalẹ̀ síbi gbígbóná náà gan-an, ó fi aṣọ nù ún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Kò sí wàhálà títí òtútù fi dé. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ọ̀tá yọ lókèèrè, Ìgbákọ Irin gbé apata sókè, kọ̀ǹpútà sì kú fin-ín. Nígbà tó fi máa jí, odi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Lọ́jọ́ Àìkú kejì, bákan náà. Ìgbà tó tún ṣẹlẹ̀, mo ń bó ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì gbọ́ gbogbo ohùn tó ń jáde látinú agbọ́hùn.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni Ìjì Pohang, igbákejì rẹ̀, èyí tó ń wa bọ́ọ̀sì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ti sá."

"Mi ò sá. Kọ̀ǹpútà ló kú."

"Kọ̀ǹpútà yín gbọ́n o. Ó mọ ìgbà tí ọ̀tá ń bọ̀."

"Mo ń fi yín sádùúrà, Ẹ̀gbọ́n," ìyàwó pásítọ̀ dá sí i. "Àmọ́ àwọn kan ń sọ pé ẹ ti ta ẹnu ọ̀nà fún àwọn ará ọ̀hún."

Màámi fa agbọ́hùn sún mọ́ ẹnu. Ó ní, "Tó bá tún kú lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, màá fi ipò sílẹ̀ fúnra mi. Ẹ ò ní lé mi."

Ó bọ́ agbọ́hùn, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. "Da-om, wọ́n ní mo sá."

Mo bó èyí tó wà lọ́wọ́ mi tán. Mo fún un lọ́sàn.

Bí ilẹ̀ Sátidé ṣe mọ́, ó fi aṣọ òjò di kọ̀ǹpútà, ó ní ká gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gbẹ́ni Tak, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nísàlẹ̀ òpópónà wa. Kí n tó tẹ̀ lé e, mo ráyè ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi. Màámi ní ṣokoléètì kan tó máa ń fi pa mọ́ sínú agolo ìrẹsì de ogun ọjọ́ Àìkú, ó rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo yọ ọ́, mo tẹ́ bébà síbi tí kọ̀ǹpútà ti kúrò, mo gbé ṣokoléètì lé e, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ọ̀gá lọ gba ìtọ́jú. Èmi ni adelé."

Ẹ̀wù òtútù méjì ni Ọ̀gbẹ́ni Tak wọ̀ lórí ara wọn nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, imú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì lásán ni tirẹ̀, kò sí omi gbígbóná lábẹ́ rẹ̀. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó ní kó máa gbá géèmù tó le jù. A dúró, a ń retí kó kú. Kò kú.

"Ìyá Da-om, ara ẹ̀ ya."

"Ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ojú ogun ló ti ń dákú."

Ó ṣí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pòṣé. "Ẹ wá wo nǹkan tí wọ́n fi ń mú un tutù. Ẹ wo iná mèremère, ẹ wo gíláàsì, kí ẹ wá wo fáànù tó ń fẹ́ ọpọlọ ẹ̀. Kò tó ìdérí ife. Bí ẹni kó iṣẹ́ ilé ìdáná odidi ilé ìwé fún èèyàn kan ni."

"Mo mọ ẹni yẹn," mo ní. Màámi gbá mi nígbọ̀nwọ́.

Ó tú irin kékeré tó wà lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà. Òróró tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ti gbẹ bí ẹ̀kọ tó lẹ̀ mọ́dìí ìkòkò. Ó rọra ha á kúrò, ó fún tuntun sí i bí ẹni ń fún ọṣẹ ìfọyín. Ó wá gbé irin ńlá kan lé e, tó dà bí abọ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn dé òkè, fáànù wà níwájú rẹ̀, òmíràn wà lẹ́yìn. Ó tún de fáànù gbàǹgbà kan mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí náà.

"Láti ìsàlẹ̀ ni á ti máa fa afẹ́fẹ́ tútù sínú," ó ń ṣàlàyé fún mi, "á wá máa tú gbígbóná síta lókè. Bó ṣe ń mí nìyẹn. Àbí ìyá rẹ ń gbọ́ mi?"

Ìyá mi ò gbọ́ ọ. Ó ti sùn lórí àpótí tó fi ṣe ìjókòó, ó fi orí ti páálí, ó la ẹnu. Ọ̀gbẹ́ni Tak na ọwọ́, ó yí rédíò wálẹ̀. Èmi mú bírò, mo fẹ́ ya irùngbọ̀n sí i lágbọ̀n, ṣùgbọ́n mo rí bí ìka rẹ̀ ṣe ká kò bíi pé ó ṣì ń di ìgbákọ mú. Mo dá bírò padà sápò.

Nígbà tó jí, kọ̀ǹpútà ṣì ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ tutù. "Mi ò lè parọ́ fún yín," Ọ̀gbẹ́ni Tak sọ, ó ń fi aṣọ òjò dì í padà. "Èyí tó wà nínú rẹ̀ kò dára, mo sì ti pààrọ̀ ẹ̀. Àmọ́ kó tó di pé mo fọwọ́ kàn án rárá, kò kú níbí. Tó bá tún kú nílé, ẹ gbé ilé náà wá kí n wò ó."

A gbé e délé. Màámi ló ṣáájú, kọ̀ǹpútà wà láyà rẹ̀. Ó dé ibi gbígbóná náà, ó dúró.

Adelé ti yọ́. Ó ti ṣàn kúrò nínú ike tí wọ́n fi wé e, ó ti bo gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ, ó ti ń wọ́ lọ síbi ẹsẹ̀ Bàámi.

"Ki Da-om!" Tó bá ti fi orúkọ ìdílé kún orúkọ mi, ìjà dé nìyẹn.

"Màámi, ẹ farabalẹ̀! Èmi kọ́. Ooru kọ̀ǹpútà ló..." Mo gbójú sókè. Kọ̀ǹpútà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Látàárọ̀ ni kò ti sí nílé.

"Ilẹ̀ ló yọ́ ọ," Bàámi sọ láìṣí ojú. "Ẹ̀yìn ń dùn mí, mo fi kún iná ilẹ̀ díẹ̀."

Màámi gbé kọ̀ǹpútà lé orí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Ó fi í síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Èmi ni mo dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀, mo fi imú kanlẹ̀, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Màámi, ẹ wò mí, èmi ni kọ̀ǹpútà. Láti ìsàlẹ̀ ni mo ti ń mí. Afẹ́fẹ́ ààrò lẹ fi ń bọ́ mi látìgbà òtútù! Ẹ gbà mí o!"

Mo rò pé ó máa gbá mi. Ńṣe ló sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe é. "Ibi tó dáa jù nínú ilé yìí ni mo fún un," ó ní. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí àlejò kò jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Bàámi dìde jókòó. "Ṣé kí n pa iná ilẹ̀ lọ́la?"

"Ẹ má pa á. Ẹ̀yìn yín ńkọ́?"

A gbé kọ̀ǹpútà lọ sí kọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ràn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ òtútù ti ń gba ihò wọlé. A gbé e lé orí àga onípákó tí a máa ń jókòó lé tí a bá ń gé ewébẹ̀ kimchi, èyí tí a ń fi iyọ̀ àti ata rẹ, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè gba abẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú dé. Màámi fi agbọ́hùn sétí, ó fi aṣọ wé ẹsẹ̀ nítorí òtútù kọ̀rọ̀ yẹn. Èmi jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo fọwọ́ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí nọ́ọ̀sì.

"Báwo ni?" ó bi mí.

"Ara rẹ̀ tutù. Ó ní kí n kí yín."

Ọ̀tá yọ. Wọ́n pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí gbogbo ayé ti gbọ́ pé olórí wa máa ń pòórá. Màámi ò pariwo. "Ẹ dúró. Ẹ má lé wọn. Ẹ dúró." Mo ń gbọ́ fáànù tuntun tó ń kùn jẹ́jẹ́, mo sì ń dúró de ìgbà tí ojú kọ̀ǹpútà máa ṣú. Kò ṣú. Onífọ̀ṣọ̀ ṣubú. Eléyín ṣubú. Ìyàwó pásítọ̀ pa èèyàn rẹpẹtẹ, ó ṣubú. Ìjì Pohang náà ń kígbe pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fà sẹ́yìn!" Kò fà sẹ́yìn. Nígbẹ̀yìn, Ìgbákọ Irin nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bò ó bí eèrà, ó sì wó lulẹ̀ síbi tó dúró sí, níṣojú gbogbo wọn.

Odi bọ́.

Ìjì Pohang ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ẹ̀gbọ́n. Ẹ dúró lóòótọ́ o."

"Mo ti sọ fún yín pé mi ò sá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹnu mi ló yá. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ká lọ gbà á padà, ẹ̀yin lẹ máa ṣíwájú, àbí?"

Màámi bọ́ agbọ́hùn láìfèsì. Ó dìde, ó ń tiro. Ibi gbígbóná ṣófo, Bàámi ò tíì sún padà síbẹ̀. Màámi di ògiri ilé ìdáná mú, ó sọ ara rẹ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò dúró lórí ìjókòó. Ó nà gbọọrọ. "Ó tán," ló sọ, ó sì sùn lọ kí n tó béèrè bóyá ìrẹsì ni.

Agbọ́hùn ṣì ń sọ̀rọ̀ nílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n? Ẹ wà ńbẹ̀? Áà, ṣé kọ̀ǹpútà yẹn tún ti kú ni?"

Mo fi í sétí. "Kọ̀ǹpútà ò kú o. Ó wà pa, ó ń mí dáadáa. Olórí yín ló kú."

"Kí lẹ wí?!"

"Ó sùn ni, ẹ má sunkún. Ọmọ rẹ̀ ni mo jẹ́."

Ìyàwó pásítọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ burúkú! Jẹ́ kó sùn. Sọ fún un pé a ò yan ẹlòmíì."

Mo fa aṣọ bò ó títí dé ọrùn, bí ìyá àgbà ṣe máa ń bo abọ́ ìrẹsì. Mo wá gbé ọsàn kan lé e níkùn, kí n wo bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó já bọ́. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú èémí rẹ̀. Bàámi náà wá jókòó, àwa méjèèjì jọ ń wò ó. Kò já bọ́.