Yìnyín Tí Ọ̀ṣẹ́nì Gbé Gun Òkè Ọ̀kà

Iṣẹ́ wáyà ilé ni Ọ̀ṣẹ́nì kọ́ ní Ìkàrẹ́. Ó fi jẹnẹrétọ̀ kún un, ó fi ẹ̀rọ ìlọta kún un, títí Àlhájà Àsàmáù fi ní kó máa wá bójú tó gbogbo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ láfún òun ní Ọ̀kà. Kò sí ohun tó ní wáyà nínú tí kò lè tú palẹ̀. Ó sì máa ń tò ó padà, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn.

Ohun tuntun tí Àlhájà rà yìí ló fẹ́ fi ojú rẹ̀ rí nǹkan. Tiransimítà ni wọ́n ń pè é: ọ̀pá irin tín-ín-rín tí wọ́n ń kì bọ inú ẹ̀rọ tó ń mú láfún gbẹ, tó ń ka ooru ibẹ̀, tó sì ń gbé e jáde sójú gíláàsì kékeré lára ògiri. Bó bá ń purọ́, láfún á jóná, tàbí kó bu. Àwọn ọmọ Àlhájà ní kí wọ́n pe ẹnjiníà láti Àkúrẹ́ kó wá tàn án, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá wọn ní Ọ̀ṣẹ́nì òun tó o ṣe. Ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde ni òun yóò gbà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Ọ̀ṣẹ́nì, ó sì dẹ́rù bà á, torí bó bá ṣì í ṣe, ta ni yóò tún gba ẹnu rẹ̀ gbọ́ níbẹ̀?

Ẹni tó tà á ti ṣàlàyé: nínú omi híhó, kó sún mọ́ ọgọ́rùn-ún, nínú yìnyín tó ń yọ́, kó dúró sí òdo. Kafilat ìyàwó rẹ̀, tó ń ta mínírà tútù ní Ìkàrẹ́, ló di yìnyín sínú kúlà fún un, tó sì bá a dè é mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà.

Omi híhó kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ó wá ki ọ̀pá náà bọ yìnyín. Nọ́ńbà ń sọ̀ kalẹ̀, ó dé òdo, kò dúró, ó kọjá lọ sísàlẹ̀ dáadáa. Ọ̀ṣẹ́nì pa iná, ó tún un tàn. Ó tú wáyà, ó tún un dè. Ó pààrọ̀ wáyà náà pátápátá. Ibi tó wà náà ló wà. Bó bá ń purọ́, kí ló dé tó ń sọ òótọ́ nínú omi gbígbóná? Ó wo ọ̀pá, ó wo gíláàsì, kò mọ èwo ni kó bá jà.

Ibẹ̀ ni Kafilat ti pè, tó ń béèrè bóyá yìnyín náà kò tíì yọ́. Ọ̀ṣẹ́nì ní ọ̀rọ̀ yìnyín kọ́ ló wà nílẹ̀, ó sì gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Àlhájà dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ kúrò ń dúró de ẹ̀rọ.

"Ṣé ó dára àbí kò dára?"

"Kò dára, Àlhájà."

Kò bá a jiyàn. Ó ní kí àwọn obìnrin ru ẹ̀gẹ́ náà lọ sá sórí àpáta bíi ti tẹ́lẹ̀.

Kafilat tún pè. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti rẹ Ọ̀ṣẹ́nì, ó gbọ́ ọ dópin.

"Bàbá Awwal, ẹ má bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ tí mo dà sí i tó. Láìsí i, kò ní tutù dáadáa mọ́ kẹ́ ẹ tó dé Ọ̀kà."

Ọ̀ṣẹ́nì jókòó sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń rí i tó ń da iyọ̀ sí yìnyín mínírà, kó lè tutù ju yìnyín lásán lọ. Ẹ̀rọ kò purọ́ rárá. Ojú tì í débi pé kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún.

Ó lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún Àlhájà, títí kan fóònù tó gé. Àwọn obìnrin ti ń bọ̀ láti orí àpáta pẹ̀lú òfìfo abọ́.

"N ò ní í pe ẹnjiníà," ni Àlhájà wí. "Ṣùgbọ́n lọ́la, kí Kafilat fúnra rẹ̀ gbé yìnyín wá. Bí òun bá ní ó dára, ó dára nìyẹn."

Ọ̀ṣẹ́nì pe ìyàwó rẹ̀. Kafilat gbé fóònù. Ọ̀ṣẹ́nì kò mọ̀ bóyá ẹ̀bẹ̀ ni kí òun kọ́kọ́ bẹ̀, àbí iṣẹ́ Àlhájà ni kí òun jẹ́.