Tábìlì Ọ̀gá Nínú Ilé Màlúù

Ẹ wò ó, èmi kì í bá ọkọ mi jà níta. Inú ilé ni mo ti ń bá a jà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Bàbá Zarifa kó ẹrù yẹn dé lórí kẹ̀kẹ́ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà, ojú títì ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

"Kí lèyí? Ṣé ilé mi ti di ilé iṣẹ́ ìjọba ni?"

Tábìlì ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ àwọ̀ ewé bo orí rẹ̀, eku sì ti jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà tí dúrọ́ọ̀ kéékèèké kún inú rẹ̀ bí ilé ẹyẹlé. Igi ìfẹ̀wùkọ́ wà níbẹ̀, àti àga kan tó ń yí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti yẹ̀.

Sobir lorúkọ ọkọ mi. Láti kékeré ló ti kọ́ iṣẹ́ béṣíkì, ìyẹn ibùsùn onígi tí a fi ń mi ọmọ tuntun sùn, ní ìsọ̀ ọ̀gá rẹ̀ lọ́jà Margilan, ìlú wa níbí. Lọ́jọ́ kan ni ìtí igi já lé e lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ san, àmọ́ kò tọ́ mọ́, kò sì lè dúró pẹ́ lórí rẹ̀. Káfíńtà tí kò lè dúró, ta ni yóò gbà á síṣẹ́? Ló bá lọ ń ṣọ́ géètì ní ilé iṣẹ́ àwọn tó ń pín omi fún àwọn olóko òwú. Ibẹ̀ ló jókòó sí, tó ń ṣí géètì fún àwọn ọ̀gá títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi funfun. Kò ráhùn rí. Èmi ni mò ń bá a ráhùn.

Ìgbà tó fẹ̀yìn tì làwọn ọ̀gá ra tábìlì àti àga oníke tuntun. Wọ́n da ti àtijọ́ sí àgbàlá, wọ́n ní kẹ́ni tó bá fẹ́ kó o. Gbogbo ayé ní igi ìdáná ni. Ọkọ mi ní ìsọ̀ ni.

"Ìsọ̀ ta ni?" ni mo bi í.

"Tèmi. Zarifa ọmọ wa lóyún, àbí o ti gbàgbé?"

Kí n gbàgbé kẹ̀! Lọ́dọ̀ tiwa, ilé ìyá ọmọ ló ń gbé béṣíkì àkọ́bí lọ sílé ọkọ, tòun ti aṣọ ìbora, búrẹ́dì àti súìtì. Kí àwọn obìnrin àdúgbò tó wo ọmọ, béṣíkì ni wọn yóò kọ́kọ́ wò. Mo tilẹ̀ ti yan ọ̀kan lọ́jà, tó pupa, tó ní òdòdó lára.

"Ọmọ ọmọ káfíńtà kò ní sùn nínú béṣíkì ọjà," ni Sobir wí.

"Káfíńtà wo? Ọwọ́ yín ti gbàgbé iṣẹ́!"

Ó mú ìgbálẹ̀, ó lọ gbá ilé màlúù tó ti ṣófo látìgbà tí màlúù wa ti kú.

Ó ṣí aṣọ kúrò lórí tábìlì. Háà! Igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ dán bí ẹni pé àná ni wọ́n fá a. Ó kan pákó kékeré mọ́ etí rẹ̀ kan, tí igi tó bá ń fá yóò máa fẹ̀yìn tì. Ìṣó àti irin ìgbẹ́gi wọ inú àwọn dúrọ́ọ̀ kéékèèké, ayùn bọ́ sórí igi ìfẹ̀wùkọ́. Àga yẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ó jókòó sórí rẹ̀, ó fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ tábìlì síta, ó gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún lé e, ó sì ń yí láti ìdí ayùn dé ìdí òòlù láì dìde rárá. Ọkùnrin tí wọ́n ní kò lè ṣiṣẹ́ mọ́!

Mo gbé tíì lọ fún un, mo tẹ orí ba. "Ọ̀gá àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé kan ni mo ní kí ẹ bá mi fọwọ́ sí."

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ padà wá lọ́la."

Mo rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí mi lọ́wọ́.

Igi tó wó lágbàlá wa, tí a máa ń já ewé rẹ̀ fún kòkòrò sílíkì, ti gbẹ dáadáa lórí òrùlé. Òun ló fi kan béṣíkì náà. Zarifa bí ọmọkùnrin, béṣíkì parí, ọjọ́ tí a máa gbé e lọ sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Oyniso, ìyá ọkọ ọmọ mi, ní òun fẹ́ wá bá wa mú àkókò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wọ ẹnu ọ̀nà ilé màlúù gẹ́lẹ́ nígbà tí Sobir fọwọ́ ti béṣíkì lórí tábìlì, kó wò ó bóyá ó ń mì dọ́gba.

"Ta ló wà nínú ẹ̀?" ni Oyniso bèèrè.

"Kò séèyàn, mo kàn ń..."

Ta ni kò mọ̀ níbí pé a kì í mi béṣíkì òfìfo? Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n bá mi béṣíkì rẹ̀ lófìfo kì í pẹ́ láyé. Oyniso kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti sin ọmọ méjì kí ó tó bí ọkọ Zarifa. Ojú rẹ̀ ràn kankan, ó di ẹnu ọ̀nà mú.

"Àna mi, ẹ dákun, ẹ má ṣe gbé e wá sílé mi. Ẹ má bínú."

Nígbà tó lọ tán, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ ra tọjà."

Sobir ti tú béṣíkì náà palẹ̀, ó ń kó igi rẹ̀ sókè àjà. Igi tútù yóò tẹ̀ tó bá gbẹ, igi gbígbẹ mìíràn kò sì sí. Ó wá yíjú sí tábìlì.

"Rárá o!" ni mo kígbe. Àní èmi, tí mo bá a jà lójú títì nítorí rẹ̀! "Kí lẹ máa wá fi ṣiṣẹ́? Ìsọ̀ yín ńkọ́?"

"Ìyá Zarifa, gbogbo ọdún tí mo fi jókòó sídìí géètì yẹn, béṣíkì yìí ni mò ń kàn lọ́kàn mi." Ó fọwọ́ pa orí tábìlì. "Tábìlì lèyí. Ọmọ ni tọ̀hún. Wá bá mi di etí ibí yìí mú."

Mo dì í mú. Ó gé e. Ilẹ̀ ló jókòó sí tó ti kan èkejì, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ó ń kérora, kò sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Nígbà tó parí, kò mì ín wò. Ó kàn tẹjú mọ́ ọn, ó ní kí n máa gbé e lọ.

Ọjọ́ pé, mo gbé e dé ilé ọkọ Zarifa. Oyniso tẹ̀ ba, ó fọwọ́ pa gbogbo ìdí béṣíkì. Ìka rẹ̀ kan ihò kan.

"Kí lèyí?"

"Ihò kọ́kọ́rọ́ ni, àna mi. Dúrọ́ọ̀ tábìlì ọ̀gá ló jẹ́ tẹ́lẹ̀."

"Ṣé tábìlì tó fi ń ṣiṣẹ́ ló gé?"

"Òun ni."

Ó tún fọwọ́ pa ihò náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ gbọ́mọ wá." Wọ́n tẹ́ ọmọ sínú rẹ̀, ó ké bí ewúrẹ́, Oyniso sì mì ín jẹ́jẹ́ títí ó fi sùn. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ bá mi sọ fún bàbá pé ọmọ ti sùn o."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Sobir yíjú sí ògiri. Lọ́jọ́ kejì, kí ó tó jí, mo yá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó di ilé iṣẹ́ omi. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì báyìí bi mí pé, "Ìyá, ṣé igi ìdáná lẹ wá wá?"

"Ìsọ̀ ni mo wá wá. Ṣí géètì!"

Ó ku tábìlì kan, ti akọ̀wé, lẹ́bàá ògiri. Gbogbo àdúgbò ń fi mí rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń gbé e bọ̀. Mo ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Sobir jáde wá, ó yí tábìlì ká. "Ìyá Zarifa, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹsẹ̀ yín kan kò dá, ṣé mo jù yín nù?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ní kí n gun òkè àjà, kí n mú ọ̀kan nínú igi béṣíkì àkọ́kọ́ wá fún òun níbẹ̀.