Oúnjẹ Ló Kù

Títí di òní, bí mo bá jí, ọwọ́ ọ̀tún mi a gba orí kọjá, a lọ wá etí òsì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀, nígbà tí ìkùukùu odò Ọ̀ṣun ṣì bo Ẹdẹ bí aṣọ funfun, wọn a máa wọ agboolé kan dé òmíràn, wọn a kó àwa ọmọdé jọ. "Ẹ gbọ́wọ́ kọjá lórí, ẹ fi kan etí kejì." Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan etí ti tó ilé ìwé lọ nìyẹn. Èyí tí tirẹ̀ kò bá kàn, wọn kì í bá a wí. Wọn a ní, "Oúnjẹ ló kù," wọn a bu ẹ̀kọ gbígbóná fún un.

Alágídí ni wọ́n. Lọ́dún tí Olóde, àrùn tí a kì í dárúkọ, ń pa ọmọdé, àwọn abupá dé láti sín apá wa kó má baà mú wa. Àwọn ìyá kó ọmọ sá lọ sóko Alájùẹ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tọ àwọn ìyá náà lọ, wọ́n ká aṣọ kúrò lápá ara wọn, àpá tiwọn hàn.

"Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bupá fún. Ṣé òkú ló ń bá yín sọ̀rọ̀?"

Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n pọn ọmọ, wọ́n padà wálé. Àpá tèmi ṣì wà lápá.

Nígbà tí ogbó dé, mo bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi lórí ẹní láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọwọ́ wọn gòkè, ó gba orí, kò dé etí kejì. Wọ́n wò mí bí ọmọdé tó ń wo àgbà.

Mo bu ẹ̀kọ gbígbóná.

"Ìyá, oúnjẹ ló kù."

Wọ́n la ẹnu.