Silas, Ẹni Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Mọ Yanrìn Orógbò

Tí ẹ bá fi aṣọ di Silas Ògúnṣẹ̀yẹ lójú, tí ẹ sì ní kó wọ odò Orógbò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò sọ ibi tó wà fún un. Yóò tẹ ìsàlẹ̀ odò lẹ́ẹ̀kan péré, yóò sì ní, "Èyí dára fún búlọ́ọ̀kù," tàbí, "Èyí kúnná, ẹ gbé e fún àwọn tó ń ṣe pílásítà." Àwọn tó ń kọ́lé ní Igbónà l'Óṣogbo kì í bá a jiyàn. Típà ni wọ́n máa ń rán wá.

Ìdí Orógbò, ìletò kékeré kan lẹ́bàá Iléṣà, ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ni olórí àwọn awayanrìn níbẹ̀, Silas sì gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó jogún kì í ṣe ṣọ́bìrì. Òpó igi ìrókò kan ni, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbi tí odò ti yí, tí wọ́n sì fá ìlà kan yí ká. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti ń dáwọ́ dúró, olórí yóò lọ dúró ti òpó yìí níṣojú gbogbo ìlú. Bí yanrìn tí àgbàrá kó wá bá ti bo ìlà yẹn, ó yá, ẹ wà á. Bí kò bá bò ó, kí kálukú gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ padà sílé. Silas kò rú òfin yìí rí, òun ló sì fi ń yangàn ju ilé páànù tó kọ́ lọ.

Ní 1991, wọ́n parí ìsédò kan, èyí tí wọ́n ń pè ní dáàmù, sórí odò náà, bíi máìlì méjì sókè ìlú, kí omi ẹ̀rọ lè yọ ní àdúgbò. Ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo èèyàn rí ni pé odò mọ́. Odò tó máa ń pọ́n bí epo nígbà òjò wá mọ́ gaara, tí ọmọdé ń ka ẹja inú rẹ̀. Inú ìlú dùn. Silas fúnra rẹ̀ bu omi náà sínú ìgò, ó gbé e lọ sí ìdúpẹ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ó gbé e kalẹ̀ láàárín iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí ohun tó ń mú kí omi pọ́n gbà lọ.

Lọ́dún náà, yanrìn kò dé ìlà. Silas ní kí wọ́n lọ sinmi. Lọ́dún kejì, ó tún lọ sílẹ̀ sí i. Nígbà tó fi di 1994, ọdún mẹ́ta gbáko tí ṣọ́bìrì kankan kò kan odò, yanrìn ti sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ ìlà tó gígùn apá kan, ẹsẹ̀ afárá tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gbà kọjá sì ti yọ síta títí dé ìpìlẹ̀.

Awóníyì, hẹdimásítà ilé-ìwé, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Lọ́jà, olórí ìlú, níbi ìpàdé tí Silas náà wà.

"Bàbá, igba ọmọ ló ń gba orí afárá yẹn lójúmọ́. Yanrìn kì í dá rìn. Ẹnìkan ló ń wà á."

"Ta ni ẹnìkan?" Silas bi í.

"Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ibi tó wà."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Silas kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jà fún un ní ọjọ́ méje: bí kò bá lè fi ibi tí yanrìn wọlé sí hàn, wọn yóò fa òpó bàbá rẹ̀ tu, kò sì sẹ́ni tí yóò pè é ní olórí mọ́, òun àti ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, Silas jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wo Phebe ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń yọ òkúta inú ìrẹsì. Phebe bu omi sí i nínú igbá, ó ń mì í jẹ́jẹ́, ó ń da ìrẹsì àti omi sínú igbá kejì díẹ̀díẹ̀. Òkúta ń kù sílẹ̀.

"Bàbá Tinú, ṣé ojú lẹ fẹ́ fi jẹ ẹ́ ni?"

"Kí ló dé tí òkúta kò bá a lọ?"

"Ẹ̀yin náà. Tí mo bá dà á gìrì, á bá a lọ. Mo rọra dà á, omi ò lágbára. Kí ni yóò wá gbé òkúta?"

Silas dìde. Kí Phebe tó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ti gun kẹ̀kẹ́.

Ó kọjá ògiri ìsédò, ó lọ títí dé òkè pátápátá, níbi tí odò ti ń wọ inú adágún tí ìsédò náà dá sílẹ̀. Ibú ni ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́, omi ibẹ̀ lè bo ọkùnrin tó gun ẹnìkejì rẹ̀ léjìká. Silas bọ́ ṣòkòtò, ó wọ̀ ọ́, ó ń retí kí omi bò ó mọ́lẹ̀. Orúnkún ló mọ. Ó rìn síwájú. Orúnkún náà ni. Ó wá fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: èyí dára fún búlọ́ọ̀kù. Ó dúró sínú omi, ó ń dá rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọjọ́ keje pé, ó ní kí ìpàdé bá òun lọ síbẹ̀. Lọ́jà lọ, Awóníyì lọ, ìdajì ìlú tẹ̀lé wọn. Silas tún ti bẹ Mọ́rìnọ́lá wá, ọ̀dọ́bìnrin ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tó ń bójú tó ìsédò náà. Ó ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni ibẹ̀ jìn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wọ̀ ọ́," ni Silas sọ fún Awóníyì.

"Èmi? Mi ò mọ̀wẹ̀."

"Kò gba ìwẹ̀."

Awóníyì ká ṣòkòtò, ó wọ omi bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. Ó rìn títí dé àárín. Omi kò kan ibi tó ká ṣòkòtò dé.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ti rì ni?" Ẹnìkan pariwo bẹ́ẹ̀ láti etí omi, ẹ̀rín sì sọ.

Silas gbé ìgò méjì sókè. Ọ̀kan pọ́n, ó bu ú níbi tí odò ti ń wọ adágún. Ìkejì mọ́ gaara, ó bu ú nísàlẹ̀ ìsédò.

"Bó ṣe ń wọlé nìyí, bó ṣe ń jáde nìyí. Odò ń ru ẹrù bọ̀ láti òkè. Tó bá dé ibi tí omi ti dákẹ́, agbára rẹ̀ dín, á sọ ẹrù kalẹ̀. Yanrìn tó wúwo, ó kù síbí. Ẹrẹ̀ tó fúyẹ́, ó lọ kù sí ìdí ògiri lọ́hùn-ún. Omi tó jáde nísàlẹ̀ kò wá ru nǹkan kan, ó sì lágbára, ló bá ń kó yanrìn tiwa lọ. Kò sí òmíràn tó ń bọ̀ dípò rẹ̀."

"Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ṣọ́bìrì?" Awóníyì ṣì wà nínú omi.

"Ṣọ́bìrì a máa dá kòtò sílẹ̀, ọ̀gá. Ẹ lọ wo ìdí afárá. Ó tẹ́jú, òkúta ńláńlá tí omi ò lè gbé nìkan ló kù. Awayanrìn wo ló ní sùúrù láti máa ṣa yanrìn láàárín òkúta?"

Mọ́rìnọ́lá pa ìwé rẹ̀ dé. "Bàbá, ohun tẹ́ ẹ sọ yìí, yunifásítì ni mo ti kọ́ ọ."

"Ẹsẹ̀ ni mo fi kọ́ tèmi."

"Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ báyìí, adágún yóò kún, omi ẹ̀rọ yóò sì dín kù. Ẹ wà á níbí. Màá bá àwọn ọ̀gá mi sọ ọ́."

Lọ́jà ní kí òpó bàbá Silas dúró síbi tó wà. Bí wọ́n ṣe ń padà, Awóníyì rìn bá Silas tòun ti ṣòkòtò kíká. "Bàbá Tinú, ẹ má bínú. Ẹnu mi ló yá jù."

"Ẹnu yín ló bà á jẹ́, ẹsẹ̀ yín ti tún un ṣe."

Kí oṣù náà tó parí, ìwé àṣẹ ti dé. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wa yanrìn nísàlẹ̀ mọ́, àfi tó bá tún dé ìlà. Òkè adágún ni gbogbo iṣẹ́ kó lọ, òkúta àti yanrìn tí wọ́n kọ́kọ́ kó ni wọ́n sì dà sí ẹsẹ̀ afárá. Silas gé òpó ìrókò mìíràn, ó rì í sí òkè adágún, ó fá ìlà tirẹ̀ yí i ká. Ó ṣàlàyé fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé ti ìsàlẹ̀, bí yanrìn kò bá tíì dé ìlà, kí wọ́n má wà á. Ti òkè, bí yanrìn bá ti fẹ́ kan ìlà, kí wọ́n má sinmi.

Nígbà tó fi di ìparí 1996, omi ibi tí hẹdimásítà ká ṣòkòtò wọ̀ ti mu Silas dé àyà. Ó dúró níbẹ̀, ó gbá òpó mú, ó rán èèyàn pé kí ọ̀gá tún wá wọ̀ ọ́ wò.

Awóníyì ránṣẹ́ padà pé òun kò tíì mọ̀wẹ̀.