Igi Ọlọ́dà Pupa

Aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù tí ìró ẹ́ńjìnnì ìgégi fi ta sí obìnrin aṣọ́gbó kan létí. Ó dúró gbọnin, ó tẹ́tí sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn igi ọlọ́dà pupa ni ìró náà ti ń wá.

Gbogbo ará abúlé ló mọ òfin igbó ìjọba yìí. Èèyàn lè wá oyin níbẹ̀, ó lè ṣa èso, ó sì lè gé igi tí wọ́n bá fi ọ̀dà funfun sàmì sí. Àwọn ọlọ́dà pupa ni ìyá igi, hóró wọn ni igbó fi ń tún ara rẹ̀ gbìn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé wọn. Ọdún kọkànlá rèé tí obìnrin yìí ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ kùn wọ́n.

Ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wà ní ààlà kejì lọ́hùn-ún, nítorí náà obìnrin náà nìkan ló lọ. Ẹni tó bá níbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó fi iṣẹ́ igi gígé rán an níléèwé lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Ẹ̀rọ ti wọ inú igi ọlọ́dà pupa kan tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan.

Ẹ̀gbọ́n fa ẹ̀rọ náà yọ. Ó ní oníbàárà ń dúró, àwọn ọlọ́dà funfun tó kù kò tóbi tó.

“Padà sílé, àbúrò mi. O ò rí mi.”

Obìnrin náà rìn lọ síbi igi, ó fi ẹ̀yìn ti ojú ọgbẹ́ náà gan-an.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa gé e lọ.”

Ọkùnrin náà tẹ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà ké rara, èérún igi ń ta mọ́ obìnrin náà lẹ́sẹ̀. Kò yẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n tó pa ẹ̀rọ, tó jókòó gbì.

“Ṣé o máa kọ orúkọ mi fún ìjọba?”

“Màá kọ ọ́.”

Ó kọ ọ́ lóòótọ́. Wọ́n gba ìwé àṣẹ igi gígé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n fún ọdún kan gbáko. Àwọn ẹbí ní ẹni tó rán an níléèwé ló jẹ̀bi, òun ló jẹ́ kí àbúrò mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ̀gbọ́n kò kí i mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ pàdé lọ́nà, á yà bàrá.

Nígbà tí ìwé àṣẹ padà dé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n, aṣọ́gbó ló gbọdọ̀ fi igi tó lè gé hàn án. Àbúrò ṣáájú, ẹ̀gbọ́n ń tẹ̀ lé e. Nídìí igi ọlọ́dà funfun àkọ́kọ́, ọkùnrin náà yí i po, ó wo òkè, ó wo àwọn ọmọ igi tó ń hù lábẹ́ rẹ̀.

“Apá ibo ni kí n dà á sí, kó má baà wó pa àwọn kékeré yìí?”

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láàárín wọn láti ọdún kan nìyẹn. Obìnrin náà nawọ́ sápá òsì, níbi tí ọmọ igi kankan kò sí.