Gato Oníbẹ́pẹ ní Gáà Ṣábẹ̀ẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ṣábẹ̀ẹ́, kò sí ohun tó ń dùn mọ́ mi tó fèrè ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ò ní gbàgbé bí a ṣe máa ń sáré lọ sí gáà, ibùdókọ̀ ojú irin, tí ilẹ̀ á máa mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ kan yàtọ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé nígbà náà, ìjọba tuntun sì ń wá olùkọ́ lójú méjèèjì. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi Adùkẹ́, tó ń kàwé ní Àjàṣẹ́, lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ní Parakú. Ọkọ̀ rẹ̀ á dúró díẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́, kò sì ní lè sọ̀kalẹ̀.

Màmá wa fárígá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ò ní kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi láìbá mi jẹun. Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èmi àti ẹ̀ á jọ jẹ nǹkan."

Gato, kéèkì àwọn Faransé, ni Adùkẹ́ fẹ́ràn jù. Ìròyìn rẹ̀ tó máa ń mú wá láti Àjàṣẹ́ ti mú kí itọ́ máa dà lẹ́nu gbogbo wa. Ni Màmá bá lọ bá Madámù, ìyàwó olùkọ́ tó múlé gbè wá, pé kó kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Gato Madámù máa ń ní ipele méjì, èso tí wọ́n fi ṣúgà sè, tó ń bọ̀ nínú agolo, ló sì máa ń wà láàárín. Agolo ọ̀hún ti tán. Màmá ní ṣé ìbẹ́pẹ tó pọ́n lẹ́yìn balùwẹ̀ wa kì í ṣe èso ni?

Inú mi dùn débi pé mò ń fò sókè! Èmi ni mo fi ọ̀pá já a, èmi ni mo po ẹyin àti ṣúgà títí apá fi ń ro mí. A da iyanrìn sísàlẹ̀ ìkòkò irin, a gbé gato sínú rẹ̀, a kó ẹyín iná sórí ọmọrí. Òórùn yẹn! Mo yọjú wo inú ìkòkò, Màmá fà mí létí títí etí mi fi gbóná ju ọmọrí lọ.

Madámù ní, "Ìbẹ́pẹ náà, díẹ̀ ni o, Ìyá Adùkẹ́, ẹ jọ̀ọ́."

Díẹ̀ kẹ̀? Nílé tiwa, ahun ló ń bu díẹ̀ fún ọmọ tó ń rìnrìn àjò. Màmá kó gbogbo ìbẹ́pẹ sáàárín ipele méjèèjì, wọ́n fún ọsàn lé e, wọ́n tún fi èènì sí i. Gato ga, omi rẹ̀ ń kán tótó, ó rẹwà lójú mi kọjá sísọ.

A ò tíì kúrò nílé tí fèrè dún. A ki eré mọ́lẹ̀. Ipele òkè ń yọ̀ síhìn-ín, ó ń yọ̀ sọ́hùn-ún, èmi ń pariwo, "Màmá, ó ń bọ̀ o!" Bí a ṣe dé gáà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Adùkẹ́ na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, Màmá sáré gbé àwo sókè, ó gbà á mú. Ipele òkè yọ̀ pẹ̀ẹ́, ó já sórí àyà Màmá. Ipele ìsàlẹ̀ bá ọkọ̀ lọ tìbẹ́pẹtìbẹ́pẹ.

Mo bú sẹ́kún. Ọkọ̀ ni Màmá ń wò. Adùkẹ́ ti ki ọwọ́ bọ inú àwo, ó ń jẹ, ó ń juwọ́. Màmá náà bu nínú èyí tó kù sí wọn láyà, wọ́n fi sẹ́nu, ẹ̀rín sì gbà wọ́n.

"Kí lò ń sunkún sí? Ṣebí a ti jọ jẹ ẹ́."

Lónìí, inú fíríìjì ni gato ti ń jáde, ipele mẹ́rin kì í sì í mì. Èmi náà ti mọ bí a ṣe ń sẹ́ omi èso kó tó wọ àárín. Adùkẹ́ ti di ìyá àgbà ní Parakú. Tí ọdún bá dé, a máa ń rí ojú ara wa lórí fóònù, kálukú pẹ̀lú gato tirẹ̀ níwájú, a ó máa rẹ́rìn-ín, a ó máa jẹ. Ó ń dùn mọ́ mi, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n gato méjì ni.